Ìwádìí Tí Mo Ṣe ní Èjìnrìn

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà, 2024

Fùláwà tún ti gbówó lórí. Àlàájì Làtífù tó ń tà á fún mi ò tilẹ̀ fi ẹ̀bẹ̀ kún un mọ́. Ó kàn nawọ́ sí àpò náà, ó ní iye tí wọ́n tà á fún òun nìyẹn. Mo ra mẹ́ta dípò mẹ́jọ. Búrẹ́dì mi á tún kéré sí i, àwọn tó ń gbé e kiri àdúgbò wa ní Lásunwọ̀n á sì máa fi í wé bisikíìtì.

Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, Israel ti ilé lọ́ọ̀nù dé lójú àwọn oníbàárà. Ọmọ tí mo lè bí. Kò tẹríba, kò wólẹ̀, ó dúró gbọnrangandan sẹ́nu ọ̀nà bí òpó iná, ó ní, "Màdáàmù, oṣù kẹta rèé o. Ṣé kí n lọ bá gáráńtọ̀ yín ni?"

Onídùúró mi ni Àǹtí Ṣẹ̀rífátù, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú ìyá wa. Nígbà tí mo fẹ́ yáwó ra ẹ̀rọ tí a fi ń po fùláwà, ó fi fírísà ẹja rẹ̀ méjèèjì dúró fún mi, kò bèèrè ìbéèrè kankan. Tí Israel bá lọ dúró sí ìsọ̀ rẹ̀ bó ṣe dúró sí tèmi yìí, kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Kó tó lọ, ó ní kí n wá sí ọ́fíìsì àwọn ká jọ sọ̀rọ̀, pé àwọn máa ń tún gbèsè pín fún ẹni tí nǹkan ò bá rọgbọ fún. Mo ní mo ti gbọ́. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń kí àgbà, kí ló fẹ́ bá mi sọ?

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹfà

Wọ́n ní àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa báni bẹ ẹni tó yáni lówó, kí ó dín in kù, kí ó sì fún ni láyè. Ayé ti dé ibi tó dé. Ẹ̀bẹ̀ tí àgbà ilé ń báni bẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ti di ọjà.

Mo wá méjì lọ lónìí. Ti àkọ́kọ́, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì wọn wà. Ọmọbìnrin tí mo bá níbẹ̀ ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, kò gbójú sókè, ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni owó fọ́ọ̀mù. Kò tíì bi mí ní orúkọ o. Mo yí padà. Ẹnìkejì, orí Wọ́sáàpù ni mo ti rí i. Àdúà ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, nọ́ńbà àkáǹtì ló tẹ̀ lé e. Mo ṣe àmín sí ti àkọ́kọ́.

Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹfà

Ẹ̀kẹta fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Toheeb lorúkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń tà fún ló fún un ní nọ́ńbà mi. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí fùláwà dà sí. Nígbà tó dìde, gbogbo àyà rẹ̀ ti funfun, kò tilẹ̀ gbọ̀n ọ́n. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ tí wọ́n kọ́ rèé.

Mo ní èló ni owó iṣẹ́ rẹ̀. "Mọ́mì wa," ó ní, "mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín lónìí. Ẹ ò mọ̀ mí. Ẹ kọ́kọ́ lọ wádìí mi ná. Ọmọ Èjìnrìn ni mí, agbo ilé wa ò fara sin. Tí ẹ bá gbọ́ nǹkan tí kò dáa nípa ìyá tàbí bàbá tó bí mi, ẹ má pè mí mọ́."

Olè wo ló máa ní kí wọ́n lọ bèèrè òun nílé? Nígbà tó lọ tán, Aisha ọmọ mi ní ìwé ìjọba wọn ńkọ́, ta ló fún wọn láṣẹ iṣẹ́ yìí? Mo ní ilé la ti ń mọ ọmọ, kì í ṣe inú ìwé. Ó ní, "Ó dáa, Mọ́mì," bí àwọn ọmọ ṣe máa ń wí i nígbà tí kò bá dáa.

Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹfà

Òjò láti ìdájí. Igi ìdáná tutù, ààrò ń rú èéfín, ìdajì búrẹ́dì ò jinná dénú. Àwọn ajá àdúgbò ló yó lónìí.

Àìkú, 16 Oṣù Kẹfà

Iléyá láìsí àgbò, ìkejì irú rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá Aisha ti kú. Àǹtí Ṣẹ̀rífátù fi itan ẹran ránṣẹ́ láti Ẹ̀pẹ́. Ó pè lẹ́yìn ìrun, ó ní, "Mùsílímátù, ohùn rẹ ò dún dáadáa létí mi. Ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí nǹkan, ọ̀fìnkìn ni. Ẹran náà dùn, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹfà

Mo lọ sí Èjìnrìn. Mo wọkọ̀ dé Ìtòìkín, mo gun ọ̀kadà wọlé. Kì í ṣe ọjọ́ ọjà, etí ọ̀sà dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n so àwọn ọkọ̀ ojú omi mọ́ èèkàn. Wọ́n júwe Bàbá Ọláníyọnu fún mi, àgbà tí ilé rẹ̀ kọjú sí ilé àwọn Toheeb. Mo bá a tó ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi. Mo kúnlẹ̀, mo gbé búrẹ́dì méjì kalẹ̀, mo ní mo wá bèèrè ọ̀rọ̀ Toheeb, ọmọ ilé òdìkejì.

Ó gbé àwọ̀n sílẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo léèsì tí mo wọ̀ kí wọ́n má bàa fojú tálákà wò mí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí àwọn àgbà ti ń ṣe é nìyí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, orí fóònù ni wọ́n ti ń fẹ́ra wọn. Ọmọ yín obìnrin ńkọ́, ṣé ó ṣì ń kàwé ni?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ pé Bàbá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó, gbèsè ló gbé mi wá. Ètè mi kọ̀. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ìyá Oníbúrẹ́dì ní gbogbo Lásunwọ̀n, kí n máa ka gbèsè mi sí etí ẹni tí mi ò rí rí? Mo ní, "Ó ti kàwé tán, sà." Òótọ́ sì ni, Aisha ti kàwé tán.

Nígbà tí ẹnu ti gbé mi débẹ̀, ìbéèrè ìyàwó náà ni mò ń bèèrè lọ. Mo ní ṣé kò sí wárápá nínú ìran wọn. Wèrè ńkọ́? Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọn kì í na ìyàwó? Ó ní rárá sí gbogbo rẹ̀. Ó ní olóòótọ́ ni bàbá rẹ̀ tó ti kú, ó ní irú ìyá rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ rí.

"Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́, Bàbá?"

Ó mú àwọ̀n rẹ̀ padà. "Ọmọ náà gbọ́n," ó ní. "Ìyá rẹ̀ dáa púpọ̀."

Mo fún un ní owó obì, ó ṣàdúà fún mi. Òjò pa mí ní Ìtòìkín, mi ò bínú sí i. Ọkàn mi ti balẹ̀.

Jímọ̀, 21 Oṣù Kẹfà

Mo fún Toheeb ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ náírà, owó tó yẹ kí n fi ra fùláwà. Ó ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Kí n má san owó fún ilé lọ́ọ̀nù mọ́, kí n má sì gbé ìpè Israel. Ohun tí mo bá rí lọ́sẹ̀, kí n kó o fún òun. Tó bá ti tó ìdajì gbèsè, òun á gbé e síwájú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì fi ìdajì tó kù jì mí, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò lórí owó, ìdajì á dùn mọ́ ọn.

Aisha dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. "Mọ́mì, àkáǹtì ta ni owó náà ń wọ̀, tiyín àbí tiẹ̀?"

Mo ní kó lọ fọ páànù. Ọmọ tí mo gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí Èjìnrìn lánàá láìsọ fún un, kò wu mí kó máa bi mí ní ìbéèrè.

Àìkú, 7 Oṣù Keje

Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní kí n ṣe búrẹ́dì àríyá òpin ọdún ẹ̀kọ́ fún wọn, wọ́n sì sanwó lójú ẹsẹ̀. Ìgbà wo ni mo ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn? Toheeb wá gba gbogbo èrè rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kó tó lọ. Ó ní àwọn ilé lọ́ọ̀nù ti ń rọ̀. Mo sùn bí ọmọ ọwọ́.

Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Keje

Israel ń pè ṣáá. Mi ò gbé e. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Madam, abeg come office make we talk." Mo dí nọ́ńbà rẹ̀ pa. Dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀rọ mi fi ń ṣiṣẹ́ náà ti tún gbówó lórí.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Keje

Fóònù Toheeb ò lọ láti ọjọ́ Jímọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Èjìnrìn ni yóò jẹ́.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Keje

Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo wá Toheeb lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n ti ṣí pátákó orúkọ kúrò lára rẹ̀, ìyàwó onílé ń sá aṣọ síbẹ̀. Àwa mélòó kan tó ti gbowó lọ́wọ́ wa la pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ṣọ́jà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ọmọ yẹn dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú ẹrẹ̀." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, torí kò sí ẹni tí kò dọ̀bálẹ̀ fún.

Mo ṣépè fún un títí ẹnu fi gbẹ mí. Owó tó kó lọ, mo ṣiṣẹ́ fún un nínú iná ààrò, ojú mi méjèèjì ló pọ́n. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó fi jẹun yó.

Jímọ̀, 26 Oṣù Keje

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ló pè mí. Mùlíkátù tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Olúwo ló pè. Ó ní Israel mú ọkùnrin méjì wá pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n kó ẹja dà sórí ọ̀rá, wọ́n gbé fírísà méjèèjì. Gbogbo ọjà ló ń wò. Ó ní Àǹtí Ṣẹ̀rífátù ò bá wọn jà, kò bú wọn. Ó jókòó ti ẹja rẹ̀, ó ń lé eṣinṣin.

Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Keje

Mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo bá a níbi tó ti ń yan ẹja tó yẹ kó tà ní tútù, kó má bàa bàjẹ́ dànù. Mo kúnlẹ̀, kò ní kí n dìde. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un látòkèdélẹ̀. Ìgbà tí mo dárúkọ ẹni tó gba owó náà ló dáwọ́ dúró.

"Toheeb ti Èjìnrìn?" ó ní. "Ta ni ò mọ̀ ọ́n ní Olúwo? Àjọ àwọn ẹlẹ́ja ló gbá jọ tó gbé sá lọ. Mùlíkátù tó pè ọ́ lánàá wà nínú àwọn tó jẹ ní gbèsè. Ká ní o bi mí."

Mo ní, "Ojú yín ló ń tì mí, Àǹtí. Mi ò fẹ́ kó dé etí yín."

"Israel pè mí lóṣù tó kọjá," ó ní. "Ó ní o ò gbé ìpè àwọn mọ́. Mo bú u. Mo ní àbúrò mi ni, èmi ni mo tọ́ ọ, tí nǹkan bá há a lọ́rùn, èmi ló máa kọ́kọ́ sọ fún."

Ó yí ẹja rẹ̀ padà lórí iná. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, kò di ẹja fún Aisha bó ṣe máa ń dì í. Mo ti ń sunkún kí n tó dé gáréèjì, mi ò sì bìkítà ẹni tó ń wò mí.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Kẹjọ

Ìwọ́de. Wọ́n ti gbogbo ìsọ̀ pa, a ò dáná. Wọ́n ní ebi ló ń pa àwọn èèyàn. Wọn ò tíì débi tèmi.

Àìkú, 4 Oṣù Kẹjọ

Mo ń gbálẹ̀ ìsọ̀ nígbà tí obìnrin àgbàlagbà kan wọlé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan sórí, ó fa iṣu méjì lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ fún mi, èmi tí mo lè jẹ́ àbúrò rẹ̀. Ó ní òun ni ìyá Toheeb.

Ó ní Bàbá Ọláníyọnu ti sọ fún òun pé a wá bèèrè ọmọ òun. Òun ti ń retí wa láti ìgbà náà. Nígbà tí òun ò rí wa, òun ní kí òun wá kí àná òun. Orúkọ tó wà lára ọ̀rá búrẹ́dì mi ni wọ́n fi júwe ibí fún un. Aisha jáde láti inú yàrá, ojú obìnrin náà tàn. "Ṣé òun rèé?" ó ní. Aisha wò mí. Mi ò rí ibi tí mo fẹ́ sá sí.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń to èébú sílẹ̀ de ìdílé yìí. Nígbà tí mo la ẹnu, òótọ́ ló jáde. Mo ní kò sí ìgbéyàwó kankan. Mo ní owó lọmọ yín bá mi dá pọ̀, ó sì ti kó o lọ, wọ́n sì ti tìtorí ẹ̀ gbé fírísà ẹ̀gbọ́n mi.

Kò sunkún. Ó jókòó sórí àpò fùláwà. "Ẹ̀yin náà," ó ní. "Bàbá Ọláníyọnu ní òun dúpẹ́ pé ẹ ò bèèrè ọ̀rọ̀ owó, torí òun ò ní lè purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ta ló máa fẹnu ara rẹ̀ ba ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ jẹ́? Èmi náà mọ irú ẹni tí mo bí. Mo ní tó bá fẹ́ ọmọ ilé re, bóyá á yí padà."

"Ọmọ mi lẹ fẹ́ fi yí i padà?" Mo ju ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá bá wa," ó ní. Kò pariwo. "A ò mọ̀ pé ọmọ yín fúnra rẹ̀ ò mọ̀."

Aisha wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá náà fẹ́ fi ẹja sílẹ̀, mo ní kó máa gbé e lọ. Ẹja gidi ni, mi ò ní purọ́.

Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kẹjọ

Mo bẹ Àǹtí Ṣẹ̀rífátù, ó wá láti Ẹ̀pẹ́, a jọ lọ sí ilé lọ́ọ̀nù. Israel mú wa wọlé sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Kò ju ìgbà tí èèyàn fi ń mu omi tán lọ, wọ́n ti tún gbèsè náà pín sí wẹ́wẹ́, wọ́n yọ èlé oṣù tí mi ò san kúrò, wọn ò gba kọ́bọ̀ fún un. Israel ní láti oṣù kẹfà lòun ti ń sọ ọ́ fún mi. Òótọ́ ló sọ. Títí di ìsinsìnyí kò tíì dọ̀bálẹ̀.

Wọ́n ti ta fírísà kan. Wọ́n ní ìkejì lè padà sí Olúwo tí onídùúró bá tún fọwọ́ sí ìwé tuntun. Israel na báírò sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbà á, ó wò ó, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan," ó sọ fún un. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. "Mo fẹ́ wádìí ẹni tí mo fẹ́ dúró fún."

Israel rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. "Ṣebí àbúrò yín ni, Mama."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ìyẹn ni mi ò ṣe wádìí rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́."

Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kẹjọ

Mo wà nídìí ààrò nígbà tí mo rí Àǹtí Ṣẹ̀rífátù ní òdìkejì títì, ó dúró lábẹ́ agboòrùn, ó ń fetí sí ìyàwó onílé mi. Ó ti dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta ṣúgà fún mi, ó kúrò níbẹ̀, ó lọ sí ọ̀dọ̀ Àlàájì Làtífù. Gbogbo àdúgbò tó mọ̀ ọ́n ní ìyá mi, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń ti ilé dé ilé. Kò yà sọ́dọ̀ mi.

Nígbà tó lọ, mo bá Àlàájì. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ò bèèrè ìwà mi, kò sì bèèrè ìrun mi. Ó kàn bèèrè bóyá mo máa ń san owó fùláwà lọ́jọ́ tí mo bá dá.

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Òótọ́," ó ní. "Mo ní ẹ máa ń san. Mo ní ó máa ń pẹ́, ẹ kì í sì í sọ pé ó máa pẹ́."

Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kẹjọ

Mo ti ṣí nọ́ńbà Israel padà. Ó pè láàárọ̀, mo gbé e. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ti wá, ó ti fọwọ́ síwèé, fírísà á padà sí Olúwo lọ́la. Ó ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dọ̀ àwọn ni.

Mo mú búrẹ́dì tó gbóná jù lórí àtẹ, mo sáré lọ sí gáréèjì Ẹ̀pẹ́. Ó ti wà nínú ọkọ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Mo na búrẹ́dì náà sí i.

Ó gbà á. Ó fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ bóyá ó jinná. "Èló ni?" ó ní.

"Àǹtí, búrẹ́dì mi ni."

"Mo mọ̀. Èló ni?"

Dẹ́rẹ́bà ti ń tẹ fèrè. Mi ò lè sọ iye rẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì í ló wo bó ṣe tóbi tó, tó sì bá mi dárúkọ owó. Ẹ̀gbọ́n mi tú etí aṣọ rẹ̀, ó ka owó náà pé lé mi lọ́wọ́, ọkọ̀ sì gbéra.